Gèlè Ìlú Lórí Kọ̀ǹpútà Lawrence Awóyẹmí

Bí ẹ bá dé Òmù-Àrán lọ́dún 2009, tí ẹ ní kí wọ́n júwe ilé Lawrence Awóyẹmí fún yín, ẹ lè pẹ́ lórí ìdúró. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Bàbá Táípù, ọlọ́kadà tó bá wà nítòsí á ní kí ẹ gun ẹ̀yìn òun kíá. Kò bí ọmọ kankan tó ń jẹ́ Táípù o. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é.

Ìgbà owó epo ló kọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ bá ìgbà Údójì, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Owó ọ̀gá wú, owó ọmọṣẹ́ wú, akọ̀wé kékeré ń ra alùpùpù bí ẹni ń ra ẹ̀pà. Sẹkitéríàtì ìjọba ní Ìlọrin ni Lawrence wà nígbà náà, ó jókòó ti taipuráítà dúdú kan, ìka rẹ̀ ń rọ̀jò lé e lórí. Kì í wo ọwọ́. Ó lè máa bá ọ jiyàn bọ́ọ̀lù, kó máa tẹ ìwé ọ̀gá àgbà lọ, kò ní í ṣi lẹ́tà kan tẹ̀. Nígbà tó yá, owó epo já wálẹ̀, àwọn sójà tún gbàjọba, wọ́n kó orúkọ jọ, wọ́n ní kí àwọn kan máa lọ sílé. Orúkọ Lawrence wà níbẹ̀. Ó kó ìyàwó rẹ̀ àti Rhoda ọmọ rẹ̀, ó gbé taipuráítà àlòkù kan tó fi owó ara rẹ̀ rà, ó di Òmù-Àrán.

Gbogbo ọdún líle tó tẹ̀ lé e, abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan lẹ́bàá ọ̀nà ló ti ń tẹ ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ àti ìtàn ayé òkú fáwọn tó fẹ́ sìnkú. Ọkùnrin náà le lẹ́nu, ẹ jẹ́ n má purọ́. Bí o bá kọ ìwé tí kò ṣe é kà wá bá a, á sọ ọ́ padà sí ọ láyà. Ṣùgbọ́n aláàánú ni. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, tí taipuráítà di ohun tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, Rhoda tó ti lọ sílé ọkọ l'Ékòó bá a wá kọ̀ǹpútà àlòkù mélòó kan, àwọn oníkùn ńlá tí ojú wọn kéré bí ojú fèrèsé àhámọ́. Bàbá Táípù bá di oníkafé íńtánẹ́ẹ̀tì.

Nígbà Àjíǹde ọdún tí mò ń wí yìí, Dáníẹ́lì, akọ̀wé ẹgbẹ́ kan tí àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi dá sílẹ̀, wálé ṣọdún. Ó mú ohun kan bọ̀ tí wọ́n ń pè ní túùbáà. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó máa ń dábùú lókè ojú kọ̀ǹpútà bí èèyàn bá ti ṣí íńtánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ ìlú wà lápá òsì rẹ̀, ìròyìn ilé sì ń wọ́ kọjá nínú ìyókù: ta ló gbéyàwó, ta ló joyè, ta ló kú. Dáníẹ́lì ní ọmọ ìlú tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti èyí tó wà ní Agbamu nítòsí, ohun kan náà ni wọn yóò jọ máa rí. Obìnrin kan tó wá ṣí ímeèlì rí i, ó pariwo: “Ẹ wò ó, kọ̀ǹpútà ti wé gèlè!” Láti ọjọ́ náà ló ti di gèlè ìlú.

Ṣùgbọ́n gèlè náà ò kọ́kọ́ ríbi jókòó lórí. Ẹ mọ̀ wá nílẹ̀ yìí, bí ènìyàn bá fi pẹ̀lẹ́tù béèrè nǹkan lọ́wọ́ wa, ó máa ń ṣòro fún wa láti wí pé rárá. Bẹ́ẹ̀ náà làwọn oníbàárà Lawrence ṣe ń ṣe pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Ohun tó bá ti yọjú tó ní kí wọ́n jẹ́ kóun wọlé, wọ́n á ní kó wọlé. Ọ̀já oníṣòwò, ọ̀já onítẹ́tẹ́, ọ̀já tó ń sọ bí òjò ṣe máa rọ̀ ní ìlú òyìnbó, gbogbo wọn ti tò léra wọn síbẹ̀, gèlè ìlú sì bọ́ sábẹ́ gbogbo wọn. Inú bí Lawrence. “Èèwọ̀! Ìlú mi lábẹ́ onítẹ́tẹ́?” Ó wá ohun tí wọ́n fi ti àwọn ọ̀já náà mọ́lẹ̀ títí ó fi rí i, ó tú u. Ó rí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní etí kékeré kan lápá òsì, pé bí èèyàn bá di etí náà mú, a lè fà á lọ ibi tó bá wuni. Ó di ti ìlú létí mú, ó fà á gòkè pátápátá, ó tì í pa. Ó ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko, ilé ló gbọ́dọ̀ wà lókè.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé ojú kọ̀ǹpútà wọ̀nyẹn kéré. Gèlè gba òkè, ìsàlẹ̀ ojú ewé wá bọ́ sí ibi tí ojú ò tó. Sàláwù, tíṣà kan tó fẹ́ fi ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́, wá ibi tí yóò tẹ̀ kó lè lọ, kò rí i. “Bàbá Táípù, gèlè yín ti dí mi lójú o!” Ó yọ gèlè dànù. Àwọn míì náà ń yọ ọ́. Bí Lawrence bá ti dá a padà, wọ́n á tún yọ ọ́. Ìbínú mú un, ó pe Dáníẹ́lì lórí fóònù, ó ní kó bá òun ṣe é kí ẹnikẹ́ni má lè yọ ọ́ mọ́. Dáníẹ́lì rẹ́rìn-ín, ó fi òmíràn ránṣẹ́. Èyí ní páàsíwọọ̀dù, ọwọ́ Dáníẹ́lì nìkan ni páàsíwọọ̀dù ọ̀hún sì wà. Ohun yòówù kí o ṣe sí i, bí o bá ti ṣí wíńdò tuntun, á padà sókè, á jókòó. Inú Lawrence dùn ṣìnkìn. Àfọwọ́fà gbáà ni, ṣùgbọ́n kò tíì mọ̀.

Nínú gbogbo oníbàárà rẹ̀, ẹnì kan ni kì í gbóhùn sókè sí. Màmá Caroline Ọládayọ̀ ló kọ́ ọ ní ABD nílé ìwé mísọ́ọ̀nù nígbà tó wà lọ́mọdé. Títí di ìgbà yẹn, bó bá gbọ́ ikọ́ màmá náà lẹ́nu ọ̀nà, ó máa ń tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. Ọkọ màmá ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù ti kú ní kékeré. Ignatius nìkan ló kù, ó sì wà ní Dublin, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó òyìnbó. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu màmá lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè tẹ kọ̀ǹpútà. Dókítà sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tó máa dẹ́rù bà á lójijì mọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, á wá jókòó, á máa sọ ọ̀rọ̀, Lawrence á máa tẹ̀ ẹ́ sí Ignatius. Bí wọ́n bá parí, á ní kí Lawrence ṣí àwòrán ọmọ náà fóun. Á wo ojú rẹ̀, á gbàdúrà fún un, á wá máa lọ sílé.

Sátidé kan nínú oṣù Ọ̀wàrà, Lawrence tan jẹnẹrétọ̀ láàárọ̀, ó ṣí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́. Gèlè ìlú bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ ìròyìn kọjá. “Ìpàdé ẹgbẹ́ yóò wáyé l'Ékòó.” Ó ń gbálẹ̀ lọ, ó tún gbójú sókè. “Pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn ni a fi kéde ikú ọmọ wa, Ignatius Ọládayọ̀, tó jáde láyé nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní Dublin. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.”

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró kí ìròyìn náà tún yí padà dé, bóyá ojú òun ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún dé. Ó lọ ṣí kọ̀ǹpútà kejì, ó wà níbẹ̀. Ó ṣí ìkẹta, òun náà ni. Yéè! Ìwọ ayé!

Ó pe Bàbá Ọláṣẹ́gun, olórí ẹbí Ọládayọ̀, tó ń gbé ní Agbamu.

“Bàbá, ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni ti Ignatius?”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Kọ̀ǹpútà ni, sà.”

“Kí ni kọ̀ǹpútà ń wá nínú ọ̀rọ̀ ẹbí wa? Àná la gbọ́. Ọ̀la, lẹ́yìn Máàsì, la fẹ́ lọ bá ìyá rẹ̀. Fádà á bá wa lọ, dókítà rẹ̀ á wà níbẹ̀, àbúrò rẹ̀ obìnrin ń bọ̀ láti Ìjàrà-Ìsin. Lawrence, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, ìyá yẹn ò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lọ́nà burúkú. Yóò kú mọ́ wa lọ́wọ́.”

“Bàbá, òní ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi.”

“Mú nǹkan yẹn kúrò níbẹ̀!”

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. A kì í túfọ̀ ọmọ fún ìyá bí ẹni ń polówó ọjà. A ó wá a lọ sílé, a ó jẹ́ kó jókòó, ẹni tí yóò dì í mú á ti wà lẹ́yìn rẹ̀. A ó gba ọ̀nà jíjìn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ká tó sọ èyí tó wà ńlẹ̀. Lawrence mọ ìdí rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Nígbà tí kò sí oògùn nílé ìwòsàn kankan, tí ìyàwó tirẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn, ó ń gbé oúnjẹ lọ fún un lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó pàdé lójú títì kàn kí i pé, “Bàbá Rhoda, ẹ kú àmúmọ́ra.” Bó ṣe gbọ́ nìyẹn. Abọ́ oúnjẹ fọ́ sójú títì, ó ń fọwọ́ ṣa ìrẹsì nílẹ̀ bí wèrè. Ó ti búra pé òun ò ní í ṣe irú ẹ̀ sí ẹnikẹ́ni.

Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó kọ́kọ́ yọ gèlè kúrò lórí rẹ̀. Ó lọ. Ó ṣí wíńdò míràn, gèlè ti padà. Ó lọ síbi tí wọ́n ti ń lé irú wọn kúrò pátápátá nínú ẹ̀rọ, ibẹ̀ ní kó mú páàsíwọọ̀dù wá. Ó pe Dáníẹ́lì, Dáníẹ́lì ti pa fóònù. Ó pè é, ó pè é, kò lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí bú ara rẹ̀. “Lawrence, ìwọ lo ní kí wọ́n kàn án mọ́lẹ̀ fún ọ. O ṣeun!”

Ohun tó kù tó lè ṣe ni kó fà á síbòmíràn. Ó tú ìdè rẹ̀, ó dì í létí mú, ó fà á sọ̀kalẹ̀ wá sórí ìlà kan náà pẹ̀lú ibi tí wọ́n ń kọ àdírẹ́sì sí, ó wá ń tì í lọ sápá ọ̀tún, ó ń tì í, títí ó fi fún un pọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú kọ̀ǹpútà. Etí nìkan ló hàn. Ìròyìn ò rí ọ̀nà wọ́ kọjá mọ́. Ó mí kanlẹ̀. Ó ṣí wíńdò kejì láti yẹ̀ ẹ́ wò: gèlè ti gun orí padà, Ignatius sì ń kọjá lọ nínú rẹ̀. Ó pa wíńdò náà dé kíá. Ó yé e báyìí pé wíńdò kan ṣoṣo ni òun lè lò, òun ò gbọ́dọ̀ ṣí èkejì. Ó ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù bẹ́ẹ̀, ó sì bẹ àwọn tó ti wọlé pé kí wọ́n má sọ ohun tí wọ́n bá rí.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí kò pa jẹnẹrétọ̀, kó ti ilẹ̀kùn, kó ní iná ò sí. Ó rò ó. Ṣùgbọ́n Sátidé ni, kafé tuntun kan sì wà níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ tí gèlè yìí kan náà wà lórí gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀, àlejò pátápátá lẹni tó ni ín. Bí màmá bá bá ilẹ̀kùn ní títì, ibẹ̀ ló máa gbà lọ. Lọ́dọ̀ ti Lawrence, ó kéré tán, ẹnì kan wà tí yóò dúró tì í.

Ikọ́ dún lẹ́nu ọ̀nà. Màmá Caroline wọlé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ àti báàgì rẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ kú ìrìn.”

“O ṣé, Lawrence. Ojú rẹ rí bákan. Ṣé o ti jẹun?”

“Mo ti jẹun, mà.”

Ó jókòó, ó wọ ìgò ojú rẹ̀, ó wo kọ̀ǹpútà. “Gèlè dà?”

“Ó ń yọ wá lẹ́nu, mà. Ó ń bo ìsàlẹ̀ ojú ewé.”

“Ó tiẹ̀ dáa. Kì í sọ ju ọ̀rọ̀ òkú lọ.” Ó tẹ́ ọwọ́ lé orí itan. “Ó yá, kọ ọ́. Ignatius ọmọ mi, mi ò gbọ́ ohùn rẹ láti ọjọ́ mélòó kan. Ṣé iṣẹ́ ni àbí òtútù? Wọ́n ti kan páànù ilé rẹ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kápẹ́ńtà yẹn olè ni, ṣùgbọ́n mo ń ṣọ́ ọ. Ọmọ kan wà ní Ẹ̀sìẹ́ tó ń jẹ́ Lucy, nọ́ọ̀sì ni, ọmọ ilé re. Mi ò ní kí o fẹ́ ẹ o. Mo ní kí o wò ó. Kérésì yìí, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí ti èṣí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sin adìyẹ.”

Ìka tí kò ṣi lẹ́tà kan tẹ̀ láti ìgbà Údójì bẹ̀rẹ̀ sí í tàsé. Màmá na ọ̀pá sí ojú kọ̀ǹpútà. “O fo ọ̀rọ̀ adìyẹ.” Lawrence tẹ adìyẹ. Ó fi í ránṣẹ́ sí ẹni tí kò ní í kà á láéláé, omi sì ń jáde lójú rẹ̀, ó ní èéfín jẹnẹrétọ̀ ni.

“Wàyí o, ṣí ojú ọmọ mi fún mi.”

Wíńdò ọ̀tọ̀ ni àwòrán máa ń ṣí sí. “Màmá, nẹ́tíwọọ̀kì ò lágbára lónìí. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.”

“Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń wo bọ́ọ̀lù lórí tirẹ̀.”

“Ẹ̀rọ tiyín ló ní ìṣòro, mà.”

“Jẹ́ kí n lọ sórí òmíràn nígbà náà.” Ó ti ń dìde.

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Lawrence ní kó jókòó. Ó dìde dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tẹ àwòrán náà, bí wíńdò ṣe ń ṣí báyìí ló ti na apá òsì rẹ̀ dábùú òkè ojú kọ̀ǹpútà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ojú Ignatius yọ lábẹ́ apá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó wọ kóòtù òtútù.

“Kí lo ń fi apá ṣe?”

“Oòrùn ni, mà. Ó ń ràn sí i.”

Màmá ò jiyàn. Ó sún mọ́ àwòrán náà, ó fi ìka tó ń gbọ̀n kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀. “Olúwa, èyí tí o ṣẹ́ kù fún mi nìyí.”

“Àmín,” Lawrence wí.

“Ọkọ̀ kankan ò ní í pa á lára.”

“Àmín.”

“Yóò wálé bá mi láyọ̀.”

“Àmín, mà.”

“Ignatius, ìwọ lo máa sin mí. Ìwọ lo máa bu erùpẹ̀ sí mi lórí.”

Màmá dúró de Lawrence, nítorí pé a kì í dá irú àdúrà bẹ́ẹ̀ ṣe. “Àmín,” ó wí, ohùn rẹ̀ ò sì ju ti ọmọ ẹ̀fọn lọ.

Ó rò pé ó parí. Ó fẹ́ fi ọwọ́ ọ̀tún pa wíńdò náà dé. Ṣùgbọ́n inú màmá ti dùn, ó sì ti yíjú sí i. “Ìwọ náà wá, kí n wúre fún ọ. O ń ṣe ọmọ fún mi. Mú ọwọ́ wá.”

“Màmá, ẹ máa wúre náà, mo ń gbọ́.”

“Lawrence. Ọwọ́ méjèèjì.”

Ohùn kíláàsì nìyẹn. Ta ni yóò fa ọwọ́ sẹ́yìn fún àgbà tó fẹ́ wúre fún un? Màmá ti di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú lórí máòsì, ó na ọwọ́ tirẹ̀ kejì tó ń gbọ̀n sókè, ó sì fa apá òsì Lawrence sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó kó méjèèjì pọ̀ mọ́ àárín ọwọ́ tirẹ̀. Ó di ojú. Ó ń tọrọ ọmọ fún Rhoda, ó ń tọrọ ẹ̀mí gígùn fún Lawrence. Lawrence ò dijú. Ó ń wo ìròyìn tó ń wọ́ kọjá lókè. Ìpàdé ẹgbẹ́ kọjá. Oyè kan kọjá. Ikú Ignatius dé, ó kọjá. Ìpàdé tún dé. Ó ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀ pé kí màmá lajú lásìkò ìpàdé, tàbí lásìkò oyè. Màmá ń wúre lọ. Oyè kọjá.

“Ní orúkọ Jésù,” màmá wí, ó sì lajú.

Ó kà á bó ṣe máa ń kàwé fún kíláàsì, ní ohùn jẹ́jẹ́, lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé orí orúkọ, kò dúró. Ó kà á dé Dublin, ó kà á dé afẹ́fẹ́ rere. Kò ké. Ọwọ́ Lawrence ṣì wà nínú tirẹ̀, ìgbọ̀n ọwọ́ màmá sì ti dáwọ́ dúró.

“O mọ̀?”

“Màmá, wọ́n ní ọ̀la làwọn fẹ́ wá...”

“Mo ní, ṣé o mọ̀?”

“Láti àárọ̀, mà.”

Màmá wò ó, ó wò ó. Ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù ti dìde dúró.

“O sì ń bá mi ṣe Àmín.”